Èjìrẹ́ Mi, Òkìkí Kì í Ṣe Iṣẹ́

Èjìrẹ́ mi, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn tó ń pè ọ́ yóò tún pè. Èmi tí mo fi ẹ̀yìn mi yìí pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá yín pọn ẹnìkejì rẹ, èmi náà ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ. O wọ Tápà lánàá, o bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, o gba ojúde wa kọjá, o ò kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bi ọ́ pé, "Ọmọ ta nìyí?" Ìwọ sì dáhùn pé, "Ẹ kì í wo tẹlifíṣàn ni, Màmá?" Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí o sọ ọ́ sí? Ìyá yẹn ló wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Kí o tó sùn lálẹ́ òní, o máa lọ bá a, o máa kúnlẹ̀, o máa kí i dáadáa.

Má bú sẹ́kún. Mi ò bá ọ jà. Bí mo bá kórìíra rẹ ni, ǹ bá jẹ́ kí o máa lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sì kórìíra iṣẹ́ tíátà tí o yàn. Bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, ló sọ pé òun ò fẹ́, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ ni. Èmi ni mo dúró fún ọ. Bó bá bàjẹ́, ọwọ́ mi ni wọ́n á ti béèrè.

Ìfẹ́ eré yìí wà lára mi kí wọ́n tó bí ọ. Láyé àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń ṣe eré Àrélù lórí tẹlifíṣàn, tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ló wà ní agbolé wa, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n fi ń tàn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àrélù, ẹnì kan á gbowó ṣáájì kí bátìrì má bàa kú lójú eré. Àwọn ìyá á gbé igbá ẹ̀gúsí sórí itan, wọ́n á máa bó o bí wọ́n ti ń wò. Tí Fadéyí Olóró bá wá yọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, gbogbo ọwọ́ á dúró nínú igbá. Àwọn ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá wọn. Ìyá mi á fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí àbúrò mi kí ọmọ má bàa kọ́ ọfọ̀ náà lọ ilé ìwé. Bí Òrìṣàbùnmi bá sì jáde, ilé á pa lọ́lọ́. Ẹ̀gúsí tó yẹ kó tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀la la tún ń bó o.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó jọ mí lójú. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wo àwọn ènìyàn yẹn, a ò mọ orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ wọ́n. Fadéyí la mọ̀, a ò mọ̀ pé Òjó Arówóṣafẹ́ ló ń jẹ́. Òrìṣàbùnmi la mọ̀, a ò mọ̀ pé Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ni, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwara. Bákan náà ló rí fún Village Headmaster tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọdún 1968, eré Olúṣẹ́gun Olúṣọlá. Gbogbo Nàìjíríà mọ Amebo, títí dòní ni wọ́n fi ń pe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ ní Amebo. Àwọn mélòó ló lè sọ fún ọ pé Ìbídùn Allison ni obìnrin tó ṣe é? Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ọ ni pé orúkọ tí wọ́n ń pariwo lẹ́yìn rẹ ní ibùdókọ̀, orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tí o ṣe nínú eré ni. Ọjọ́ tí eré náà bá parí, wọ́n á gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á fún ẹlòmíì. Ohun tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ ni iṣẹ́ tí o bá kọ́.

Iṣẹ́ kíkọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an. Ẹni tó ni Àrélù, Jímọ̀ Àlíù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àwòrò, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni. Ní 1959 ló darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè, ó lọ jókòó sábẹ́ ọ̀gá. Ìgbà tó di 1966 ló tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ọdún méje! Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọ iṣẹ́ ológun láti 1967 títí di 1975, ó jáde, ó sì padà sídìí eré. Nígbà tí a wá rí i lórí tẹlifíṣàn tó ń ṣe Àwòrò, ènìyàn tó ti jìyà iṣẹ́ ni. Ohùn rẹ̀, ìdúró rẹ̀, bó ṣe ń yí ojú padà, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó bá a lójijì.

Kí lo rò pé wọ́n ń ṣe nínú àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó nígbà náà? Ọmọ ẹgbẹ́ á ru ẹrù eré sínú ọkọ̀, á tún rù ú sílẹ̀. Á gbé gbohùngbohùn kiri ìlú lọ́sàn-án láti fi eré lọ aráàlú. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí alẹ́ bá lẹ́ ni yóò tó wọ aṣọ ọba tàbí aṣọ ìránṣẹ́. Wọn ò sì há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Ọ̀gá á pa ìtàn fún wọn, á sọ ibi tí eré ń lọ, oníkálùkù á wá fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Bí o ò bá gbọ́ Yorùbá, bí o ò mọ òwe, bí o ò mọ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ọmọdé ṣe ń dáhùn, ìtàgé á tú ọ fó.

Ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo náà wà bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣe eré Kóòtù Aṣípa tí àwọn bàbá wa kì í fẹ́ kó fo àwọn dá. Obìnrin òyìnbó kan, Karin Barber, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà yẹn, gbọ́ òkìkí wọn, ó wọ ẹgbẹ́ náà, ó ń bá wọn rìn, ó ń bá wọn ṣeré lórí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Birmingham, ó kọ odidi ìwé nípa ẹgbẹ́ náà, ìwé náà jáde ní ọdún 2000. Òyìnbó tó ní oyè tẹ́lẹ̀ ló jókòó ti àwọn òṣèré wa láti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀. Ìwọ tí wọ́n bí ní Tápà, tí o jogún èdè yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ lo ń sọ fún mi pé dárẹ́tọ̀ yín ní kí o máa da òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn kó lè bá ìgbà mu. Gbọ́ ti dárẹ́tọ̀ lójú iṣẹ́, mi ò ní kí o má gbọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ìyálọ́jà tàbí ìyáálé fún ọ ṣe lọ́la, níbo lo ti fẹ́ rí ọ̀rọ̀ tí ìyáálé ń sọ? Wá jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń tajà. Ibẹ̀ ló wà.

O mọ láfún, o ti bá mi ṣe é. O mọ̀ pé a kì í hú ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ ká fi rokà lálẹ́. A ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a ó fún un, a ó sá a sórí àpáta kó gbẹ dáadáa, ká tó lọ̀ ọ́, ká tó kù ú. Ẹni tó bá kánjú mú un kúrò nínú omi, àmàlà rẹ̀ á ní kókó, àlejò á fi ọwọ́ kàn án, á ní òun ti yó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òṣèré tí kò jókòó kọ́ṣẹ́. O fi ìwé sílẹ̀ ní Pólì Ẹrúwà nígbà tó ku ọdún kan péré, nítorí pé wọ́n pè ọ́ wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi ò sọ pé kí o má lọ. Ohun tí mo sọ ni pé ọdún kan yẹn kò ní sá lọ, ìwọ náà má sì sá fún un.

O ní àwọn ti òde òní kò rí bíi ti Àrélù mọ́, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé eré jáde, pé ojú ẹni á di mímọ̀ kíákíá. Ó dáa, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọn ti òde òní. Ìwọ náà mọ Victor Ọláòtán. Òun ló ṣe Fred Ade-Williams, ọ̀gá Reel Studios, nínú Tinsel tí M-Net bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, eré tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan ìgbà tí wọ́n gbé e jáde kó tó di àárín ọdún 2013. Bó bá wọlé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, tó rọra yọ dígí ojú, o mọ̀ pé ọ̀gá dé. O lè rò pé ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Rárá o.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1952. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí olùkọ́ eré kan tó wà nínú ẹgbẹ́ Orí Olókun fà á wọ iṣẹ́ yìí. Ó bá Wọlé Ṣóyínká ṣiṣẹ́, ó bá Jímí Ṣólàńkẹ́ àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣiṣẹ́. Ó kàwé ní Ìbàdàn, ó kàwé ní Ifẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1978, kò sì padà wálé títí di 2002. Ìgbà tí Tinsel fi bẹ̀rẹ̀, ẹni ọdún 56 ni. Ó lé ní ogójì ọdún láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ gun orí ìtàgé kí àwọn ọmọdé tó máa nàka sí i lójú títì pé Fred nìyẹn. Ìwọ tí o kò tíì pé ọdún kan nídìí ẹ̀, o ti ń bínú pé orúkọ rẹ kò sí níwájú nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀. Ní sùúrù, ọmọ mi. Iṣẹ́ yìí kì í ta ẹni tó bá dàgbà nínú rẹ̀ dànù. Àgbà ni wọ́n ń wá tí wọ́n bá fẹ́ ọba, tí wọ́n bá fẹ́ bàbá, tí wọ́n bá fẹ́ adájọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí, fetí sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Ọláòtán ń wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ya fíìmù, ní àgbègbè Festac ní Èkó, ni ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló ń lọ o, kì í ṣe òde ijó. Kò tún padà sójú kámẹ́rà mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún tó fi wà lórí àìsàn tí ìjàǹbá náà fà, ìyàwó rẹ̀ ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ pé kí àwọn ènìyàn gba àwọn lórí owó ìtọ́jú, títí ó fi kú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ojú tí wọ́n mọ̀ láti Èkó dé Accra!

Òun nìkan kọ́. Sadiq Daba tó ṣe Bitrus nínú Cock Crow at Dawn, eré tó ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n padà sóko, nígbà tí àìsàn jẹjẹrẹ mú un, àwùjọ ló dáwó fún un. Oṣù kẹta ọdún 2021 ló kú. Fadéyí Olóró tí a ń sá pamọ́ fún yẹn, a rí i nínú fídíò tó ń bẹ aráyé pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ nínú àìsàn, ó sì lọ ní oṣù kẹta ọdún 2023. Èmi fúnra mi sunkún nígbà tí mo rí fídíò yẹn. Ọkùnrin tí ìlú gbogbo ń wárìrì fún! A wò ó yó ní ọ̀fẹ́, a kò mọ̀ pé ó yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tó ń jẹ.

Ẹ̀bi kọ́ ni mo ń dá àwọn àgbà yẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ṣe é dé góńgó. Láyé wọn, owó tí tẹlifíṣàn ń san kò tó nǹkan. Òkìkí ni wọ́n ń wá níbẹ̀, kí èrò lè wá san owó ìwòran nígbà tí wọ́n bá gbé eré dé ìlú. Nígbà tí èrò ò wá síbi ìwòran mọ́, òkìkí náà ò lè ra oògùn. Bàbá Sàlá wa, Moses Ọláìyá, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á kiri, iṣẹ́ ńlá yẹn sì sọ ọ́ sínú gbèsè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ló yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún yín, torí pé ojú yín ti là, ẹ ní lọ́yà, ẹ ní báńkì, ẹ ní ẹgbẹ́ bíi TAMPAN tó lè gbẹnu sọ fún yín.

Ìwọ wá ńkọ́? Mo bi ọ́ lánàá pé kí ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ, o ní o ò kà á, pé wọ́n ní kí gbogbo yín kọ́wọ́ sí i kíá kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Èjìrẹ́! O ò kà á! Ṣé wọ́n á san owó tí wọ́n bá tún eré náà gbé jáde? O ò mọ̀. Bí o bá ṣubú lójú iṣẹ́, ta ló ń gbé ọ lọ ọsibítù? O ò mọ̀. Ṣé o lè ṣe eré fún ẹlòmíì nígbà tí eré yìí bá ń lọ lọ́wọ́? O ní ó ṣeé ṣe. Bàbá rẹ tà lára ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kí o lè kàwé, o sì mọ ìwé kà, o wá kọ orúkọ rẹ sábẹ́ ohun tí o kò kà. Inú bí mi, mi ò fi pamọ́ fún ọ.

Nítorí náà, ohun tí o máa ṣe nìyí, mi ò sì ní gba àwíjàre. Ìwé àdéhùn yẹn, lọ́la ni o máa tẹ̀ ẹ́ jáde kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ lọ́yà ní Ìgbò-Ọrà bá ọ kà á láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá ti kù, kí o fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tún un ṣe kó tó di apá kejì. Èkejì, nínú owó tí wọ́n bá san, kó tó kan aṣọ, kó tó kan irun, kí ìdá kan lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ìdá kan sì san ìwé adójútòfò ìlera. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní òṣèré gbọ́dọ̀ múra. Múra níwọ̀nba. Ẹ̀kẹta, o máa padà lọ parí ọdún kan tó kù ní Ẹrúwà. Ẹ̀kẹrin, tí o bá wá sílé, ọmọ Tápà ni o máa jẹ́. O máa kúnlẹ̀, o máa kí àgbà, o máa pe ẹni tó jù ọ́ lọ ní bàbá àti ìyá. Àwọn tí o ń kí yìí ni ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣe ènìyàn.

Ó dáa, nu ojú rẹ. Mo ní kí n sọ ibi tó dùn mọ́ mi náà fún ọ, kí o má bàa rò pé àléébù nìkan ni mò ń rí.

O sọ fún mi pé aago márùn-ún ìdájí lẹ ń dé lókéṣọ̀n, pé oòrùn á ti gun òkè kí wọ́n tó pè yín. O ní wọ́n ní kí o sunkún, o sunkún, dárẹ́tọ̀ wá ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ sí apá kejì, kí o tún ẹkún kan náà sun, kí omijé tún gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà wálẹ̀, kí ìró aṣọ má sì yí padà. Mo rí ẹkún náà lórí tẹlifíṣàn. Ọ̀gá rẹ ń bú ọ, ìwọ kò fèsì, o kàn mú etí ìró rẹ, o ń fi àtàǹpàkò nù ún bí ẹni pé ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. O ò pariwo. Mo mọ ibi tí o ti rí ìyẹn. Ìyá rẹ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá ká a lára. O wò ó láti kékeré, o tọ́jú rẹ̀ sínú, o sì mú un jáde lọ́jọ́ tó yẹ. Mo sọ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi pé, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe." Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀bùn nìyẹn, Èjìrẹ́, Ọlọ́run ló fún ọ. Ìdí tí mo fi ń bá ọ wí náà nìyẹn, torí pé ẹni tí kò ní ẹ̀bùn, kí ni mo fẹ́ bá a wí lé lórí?

Mi ò gbàdúrà kí o di gbajúmọ̀ lọ́dún yìí. Àdúrà tí mò ń gbà fún ọ ni pé nígbà tí irun orí rẹ bá funfun, kí wọ́n ṣì máa wá ọ délé pé ìwọ làwọn fẹ́ kó ṣe ìyá ọba, kí ara rẹ le, kí ilé tí o ń gbé jẹ́ tìrẹ, kí o ka ìwé àdéhùn wọn tán láìkánjú, kí o sì sọ fún wọn pé iye báyìí ni o máa gbà.